Jean Jaurès

Jean Jaurès (ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1859 sí ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1914) jẹ́ olóṣèlú, olùkọ́ ìmọ̀ òye, òpìtàn àti akọ̀ròyìn ọmọ ilẹ̀ Faransé. Òun ni ó dá ìwé ìròyìn L'Humanité sílẹ̀ ní ọdún 1904, ó sì wà lára àwọn tí ó so àwọn ẹgbẹ́ sósíálísítì ilẹ̀ Faransé pọ̀ di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ní ọdún 1905. Ohun tí a fi ń rántí rẹ̀ jù lọ ni ìsapá rẹ̀ láti má ṣe jẹ́ kí ìbínú, ìbẹ̀rù àti ìbànújẹ́ tí ó wà láàárín àwọn ará Faransé àti àwọn ará Jámánì di ogun. Kò sẹ́ pé àwọn ìmọ̀lára wọ̀nyí wà, kò sì fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ohun tí ó ń tẹnu mọ́ ni pé kò yẹ kí orílẹ̀-èdè kan gbé ọgbẹ́ ọkàn rẹ̀ lé ọwọ́ àwọn tí yóò fi í wá ogun. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yìnbọn pa á ní Párísì ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1914. Ní ọjọ́ kejì, ìjọba Faransé pe gbogbo ọmọ ogun rẹ̀ jọ fún Ogun Àgbáyé Kìíní.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

A bí Jaurès ní ìlú Castres, ní ẹkùn Tarn, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Jules ni orúkọ baba rẹ̀, Adélaïde Barbaza sì ni ìyá rẹ̀. Ìdílé wọn kò lówó púpọ̀. Òwò kéékèèké àti oko kan tí kò tóbi ni baba rẹ̀ fi ń gbọ́ bùkátà. Síbẹ̀, iṣẹ́ ológun kò ṣàjèjì sí wọn. Benjamin Jaurès, tí ó jẹ́ mọ̀lẹ́bí baba rẹ̀, di ọ̀gá àgbà nínú ọmọ ogun ojú omi, ó sì di mínísítà ní ọdún 1889. Louis, àbúrò Jean, pẹ̀lú dé ipò ọ̀gá àgbà nínú iṣẹ́ kan náà. Nítorí náà, nígbà tí àwọn alátakò Jaurès ń sọ pé kò mọ iyì ọmọ ogun, ilé tí ó ti jáde wá ni ó kọ́kọ́ já wọn nírọ́.

Èdè Occitan ni àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà ń sọ láàárín ara wọn, Jaurès sì gbọ́ ọ dáadáa láti kékeré. Nígbà tí ó di olóṣèlú, ó máa ń fi èdè náà bá àwọn àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1911 ó kọ àpilẹ̀kọ kan láti béèrè pé kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gúúsù fi èdè Occitan kún èdè Faransé nínú ẹ̀kọ́ wọn, kí àwọn ọmọdé lè máa fi ọ̀kan wé èkejì. Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń fìyà jẹ ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ní kíláàsì, Jaurès gbà pé ẹni tí ó fẹ́ràn èdè ilé rẹ̀ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di ọ̀tá orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Ọgbọ́n orí rẹ̀ mú kí ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà lọ sí Párísì. Ní ọdún 1878 ó ṣe ipò kìíní nínú ìdánwò àtiwọlé sí École normale supérieure, níbi tí òun àti Henri Bergson, ẹni tí ó padà di gbajúgbajà onímọ̀ òye, ti jọ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ó di olùkọ́ ní ìlú Albi ní ọdún 1881, lẹ́yìn náà ó lọ ń kọ́ni ní yunifásítì ní ìlú Toulouse. Ó fẹ́ Louise Bois ní ọdún 1886, wọ́n sì bí ọmọ méjì, Madeleine àti Louis.

Ní ọdún 1892 ó kọ ìwé méjì láti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Èkejì, tí ó fi èdè Látìnì kọ, dá lórí orírun èrò sósíálísíìmù nínú iṣẹ́ Luther, Kant, Fichte àti Hegel. Ọmọ Jámánì ni gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì ju ọdún mọ́kànlélógún lọ tí àwọn ọmọ ogun Jámánì yan wọ Párísì. Jaurès kò rí ìdí tí ìjà láàárín ìjọba méjì fi ní láti sọ ìwé àti èrò aládùúgbò di èèwọ̀.

Ọgbẹ́ ogun ọdún 1870

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Jaurès wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá ni ó bí ìjà tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ kojú. Ní oṣù Keje ọdún 1870, ìjọba Napoleon III kéde ogun sí Prussia. Àwọn ará Faransé ti ka tẹligíráàmù kan nínú ìwé ìròyìn, èyí tí Otto von Bismarck ti gé kúrú kí ó tó fi í síta. Bí ó ṣe gé e mú kí ó dà bí ẹni pé ọba Prussia fi ojú aṣojú Faransé gbolẹ̀. Ìbínú nítorí àbùkù ni àwọn èrò Párísì fi ń pariwo ogun ní ìgboro, ṣùgbọ́n láàárín oṣù díẹ̀ wọ́n ti ṣẹ́gun wọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kínní ọdún 1871, àwọn ọmọ ọba àti ìjòyè Jámánì kéde ilẹ̀-ọba tuntun wọn nínú ààfin Versailles, tí ó jẹ́ ti àwọn ọba Faransé. Àdéhùn Frankfurt ti ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún náà gba Alsace àti apá kan Lorraine lọ́wọ́ Faransé, ó sì pàṣẹ kí wọ́n san bílíọ̀nù 5 owó franc.

Àwọn ará Faransé ṣọ̀fọ̀ ilẹ̀ náà bí ẹni ṣọ̀fọ̀ èèyàn. Ní Place de la Concorde ní Párísì, ère kan wà tí ó dúró fún Strasbourg, olú-ìlú Alsace. Wọ́n fi aṣọ ọ̀fọ̀ bò ó, wọ́n sì ń gbé òdòdó lọ síbẹ̀ bí ẹni lọ sí ojú oórì òbí. Nínú àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọdé, wọ́n fi àwọ̀ ọ̀tọ̀ kun ibi tí wọ́n pàdánù. Ní àwọn ọdún 1880, àwọn ọmọkùnrin ilé-ẹ̀kọ́ ń kọ́ bí a ṣe ń tò àti bí a ṣe ń gbé ìbọn bí ọmọ ogun. Ní òdìkejì ààlà, àwọn ará Jámánì ń rí gbogbo èyí, wọ́n sì gbà pé ọjọ́ ẹ̀san ni Faransé ń dúró dè, wọ́n sì ń fi kún ọmọ ogun tiwọn. Bí apá kan ṣe ń múra nítorí ìbẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ ni apá kejì ń ka ìmúra náà sí ẹ̀rí pé ìbẹ̀rù tiwọn tọ́.

Ìwọlé sí òṣèlú

Ní ọdún 1885 àwọn ará Tarn dìbò yan Jaurès sí Ilé Aṣòfin. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ó sì wà lára àwọn aṣòfin tí ó kéré jù lọ ní ọjọ́ orí. Ní àkókò yìí ni òkìkí Ọ̀gágun Georges Boulanger kàn. Boulanger jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ogun, àwọn èrò sì sọ ọ́ ní Ọ̀gágun Ẹ̀san nítorí wọ́n gbà pé òun ni yóò gba Alsace padà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1887, nígbà tí àwọn ará Jámánì mú ọlọ́pàá Faransé kan tí ń jẹ́ Schnaebelé ní ẹnu ààlà, díẹ̀ ló kù kí ogun bẹ́ sílẹ̀. Jaurès wà lára àwọn tí ó tako Boulanger. Ó rí i pé ìfẹ́ Alsace ti di àtẹ̀gùn tí ọkùnrin kan fẹ́ gùn dé orí oyè. Boulanger sá kúrò nílùú ní ọdún 1889, ṣùgbọ́n ní ọdún kan náà ni Jaurès pẹ̀lú pàdánù ipò rẹ̀.

Ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn awakùsà ìlú Carmaux ní ọdún 1892 ni ó dá a padà. Jean-Baptiste Calvignac, òṣìṣẹ́ nínú ilé-iṣẹ́ tí ń wa èédú níbẹ̀, wọlé ìbò gẹ́gẹ́ bí mẹ́yọ̀ ìlú náà, ilé-iṣẹ́ náà sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Jaurès dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ àti nínú àkọsílẹ̀. Wọ́n yàn án sí Ilé Aṣòfin ní oṣù Kínní ọdún 1893, ó sì wọlé gẹ́gẹ́ bí sósíálísítì. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìgò ní Carmaux tún bá ọ̀gá wọn jà ní ọdún 1895, ó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti dá ilé-iṣẹ́ ìgò tiwọn sílẹ̀ ní Albi.

Ọ̀ràn Dreyfus

Ní ọdún 1894, ilé ẹjọ́ ológun dá ẹ̀bi fún Alfred Dreyfus, ọ̀gá kan nínú ọmọ ogun Faransé, pé ó ta àṣírí orílẹ̀-èdè fún Jámánì. Júù ni Dreyfus, ìlú Mulhouse ní Alsace ni a sì ti bí i, ní ọdún tí a bí Jaurès gan-an. Ìdílé rẹ̀ ti yàn láti jẹ́ ọmọ Faransé lẹ́yìn tí Jámánì gba ilẹ̀ wọn. Ìbẹ̀rù amí Jámánì àti ìkórìíra àwọn Júù ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gba ẹ̀sùn náà gbọ́ láìbéèrè ẹ̀rí. Wọ́n já àmì oyè rẹ̀ kúrò lára aṣọ rẹ̀ ní gbangba, wọ́n sì kó o lọ sí ẹ̀wọ̀n ní erékùṣù kan ní etí òkun Guiana.

Jaurès pàápàá gbà á gbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹjọ́ rẹ̀ nígbà náà ni pé ìjọba ṣàánú ọ̀gá nígbà tí ó máa ń pa ọmọ ogun lásán fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ tún gbà pé ìjà àwọn olówó láàárín ara wọn ni ọ̀ràn náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rí ń jáde díẹ̀díẹ̀, ó yí ọkàn padà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1898, lẹ́yìn tí ó tún ti pàdánù ipò rẹ̀ ní Ilé Aṣòfin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn àpilẹ̀kọ tí ó padà di ìwé Les Preuves. Ó yẹ àwọn ìwé ẹ̀sùn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi hàn pé ayédèrú ni èyí tí wọ́n gbára lé jù. Kí oṣù náà tó parí, Ọ̀gágun Hubert-Joseph Henry jẹ́wọ́ pé òun ni òun ṣe ayédèrú ìwé náà, ó sì pa ara rẹ̀ nínú àtìmọ́lé.

Ọdún 1906 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ tó wẹ Dreyfus mọ́. Ọ̀ràn náà kọ́ Jaurès ní ẹ̀kọ́ kan tí kò gbàgbé: nígbà tí ìbẹ̀rù ọ̀tá bá gba ọkàn orílẹ̀-èdè, ẹni tí ó bá béèrè ẹ̀rí ni a ó kọ́kọ́ pè ní ọ̀dàlẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ìwé ìròyìn kan ti ń fi orúkọ àpèlé èdè Jámánì pè é láti fi hàn pé ọ̀tá ni ó ń ṣiṣẹ́ fún. Charles Péguy, akéwì tí wọ́n jọ jà fún Dreyfus, padà di ọ̀kan lára àwọn tí ó bú u jù lọ.

Ọ̀rọ̀ Mòrókò

Jaurès padà sí Ilé Aṣòfin ní ọdún 1902, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Láàárín ọdún 1905 sí 1911, ẹ̀ẹ̀mejì ni Faransé àti Jámánì fẹ́rẹ̀ẹ́ jagun nítorí Mòrókò, orílẹ̀-èdè kan tí kì í ṣe ti èyíkéyìí nínú wọn. Faransé fẹ́ fi í sábẹ́ ìjọba amúnisìn rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1905, Ọba Wilhelm II ti Jámánì gúnlẹ̀ sí Tangier láti fi hàn pé òun kò gbà. Ìwé ìròyìn ìhà méjèèjì gbé e jáde bí ọ̀ràn iyì, wọ́n sì kọ ọ́ bí ẹni pé ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn ti di ẹrú.

Ní oṣù Keje ọdún náà, àwọn sósíálísítì Jámánì pe Jaurès wá sọ̀rọ̀ ní Berlin. Olórí ìjọba Jámánì, Bernhard von Bülow, kọ̀ láti jẹ́ kí ó wọlé. Jaurès fi ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, àwọn ará Berlin sì kà á nínú Vorwärts, ìwé ìròyìn àwọn sósíálísítì Jámánì. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n dí lọ́nà ní ẹnu ààlà ṣe dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ju àwọn tí ìbá wà nínú gbọ̀ngàn kan lọ.

Ní ọdún 1907, ọkọ̀ ogun Faransé yìnbọn lu ìlú Casablanca. Jaurès bínú sí i ní Ilé Aṣòfin. Ó ní àwọn ará Mòrókò pẹ̀lú ní iyì àti ìfẹ́ ilẹ̀ baba wọn, àti pé orílẹ̀-èdè tí ó ń sunkún nítorí Alsace kò lè sọ pé òun kò mọ bí ó ṣe ń rí lára ẹni tí a gba ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn aṣòfin púpọ̀ kò fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1911, Jámánì rán ọkọ̀ ogun Panther lọ sí Agadir, ìbínú sì tún ru. Àdéhùn ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ni ó parí rẹ̀: Jámánì gbà kí Faransé mú Mòrókò, Faransé sì gé apá ńlá kan lára ilẹ̀ Kóńgò fún Jámánì láti fi kún Kamẹrúùnù. Kò sí ẹni tí ó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n fi ilẹ̀ wọn tu ìbínú àwọn ará Yúróòpù lójú.

Ìwé lórí ọmọ ogun àti òfin ọdún mẹ́ta

Àṣìṣe ni láti rò pé Jaurès fẹ́ kí Faransé kó ohun ìjà rẹ̀ dànù. Nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, Gustave Hervé àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ń sọ pé orílẹ̀-èdè kò já mọ́ nǹkan kan fún òṣìṣẹ́, wọ́n sì ń bú àsíá. Jaurès kò fara mọ́ wọn. Lójú tirẹ̀, ìfẹ́ tí ènìyàn ní sí èdè rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti ibojì àwọn baba rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fi ẹ̀gàn pa. Ẹni tí ó bá gàn án yóò kàn lé àwọn ènìyàn sọ́dọ̀ àwọn tí ń wá ogun ni.

Ó fi èrò yìí sínú ìwé ńlá kan, L'Armée nouvelle, tí ó kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àbá òfin ní ọdún 1910. Ó dámọ̀ràn pé kí gbogbo aráàlú gba ẹ̀kọ́ ológun fún oṣù díẹ̀, kí wọ́n padà sí ẹnu iṣẹ́ wọn, kí wọ́n sì máa pé jọ lóòrèkóòrè fún ìdánrawò. Irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ yóò lágbára láti gbèjà ilé, ṣùgbọ́n kò ní rọrùn láti fi kọlu ilé onílé. Ó tún fẹ́ kí òfin ní kí ìjọba kọ́kọ́ gbé ìjà wá síwájú onílàjà kí ó tó gbé ìbọn.

Ní ti Alsace, ó kọ̀ láti sọ pé ohun tí Jámánì ṣe ní ọdún 1871 tọ́. Ṣùgbọ́n ó kọ̀ pẹ̀lú láti gbà pé ogun mìíràn ni yóò tún un ṣe. Ó fẹ́ kí àwọn ará Alsace àti Lorraine gba òmìnira àti ìjọba ara wọn nínú Jámánì tí ó bá ti di ìjọba aráàlú, kí ilẹ̀ wọn sì di afárá láàárín èdè méjì.

Ní ọdún 1913, Jámánì fi kún ọmọ ogun rẹ̀. Àwọn ará Faransé jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 40, àwọn ará Jámánì sì ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 65. Ìjọba Faransé wá fẹ́ sọ ọdún méjì tí ọ̀dọ́kùnrin ń lò nínú iṣẹ́ ológun di ọdún mẹ́ta. Jaurès gbógun ti àbá náà. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún, nǹkan bíi ènìyàn 150,000 péjọ ní Le Pré-Saint-Gervais, lẹ́bàá Párísì, láti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní oṣù kan náà ó lọ sí Berne ní Switzerland, níbi tí àwọn aṣòfin Faransé àti Jámánì ti jókòó pọ̀ láti wá ọ̀nà àlàáfíà. Ilé Aṣòfin fọwọ́ sí òfin ọdún mẹ́ta náà síbẹ̀, ó sì di òfin ní oṣù Kẹjọ. Nínú ìdìbò ọdún 1914, ẹgbẹ́ Jaurès rí ìjókòó tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún gbà. Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ àwọn ènìyàn létí.

Oṣù Keje ọdún 1914

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 1914, wọ́n pa àrólé ọba Ọ́sítríà ní Sarajevo. Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje, Ọ́sítríà fi ìwé ìkìlọ̀ ìkẹyìn ránṣẹ́ sí Sérbíà. Ní ọjọ́ 25, Jaurès sọ̀rọ̀ ní Vaise, ní ìlú Lyon. Kò di ẹ̀bi ru orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Ó ka ìwà Faransé ní Mòrókò, ìwà Ọ́sítríà ní Bosnia àti ète Rọ́síà mọ́ ohun tí ó dá iná náà, ó sì ṣàpèjúwe ogun tí yóò dé gẹ́gẹ́ bí ìparun irú èyí tí Yúróòpù kò rí rí.

Ní ọjọ́ 29 ó wà ní Brussels, níbi tí àwọn olórí sósíálísítì láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti péjọ. Rosa Luxemburg àti Hugo Haase wá láti Jámánì, Keir Hardie sì wá láti Bìrìtéènì. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, òun àti Haase jọ dúró lórí pèpéle kan náà níwájú èrò ńlá. Wọ́n pinnu láti ṣe àpérò mìíràn ní Párísì ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ. Wọ́n rò pé àyè ṣì wà.

Ní ọjọ́ 31 ó lo gbogbo ọ̀sán láti máa bẹ ìjọba pé kí ó fa Rọ́síà, ọ̀rẹ́ rẹ̀, sẹ́yìn. René Viviani, olórí ìjọba, jẹ́ ẹni tí wọ́n ti jọ ṣe iṣẹ́ òṣèlú rí, ṣùgbọ́n Abel Ferry, igbákejì mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ni ó dá a lóhùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Jaurès wá padà sí ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn rẹ̀, ó ń gbèrò láti kọ àpilẹ̀kọ kan tí yóò jáde ní òwúrọ̀.

Ikú rẹ̀

Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ jẹun ní Café du Croissant, ní òpópónà Montmartre. Alẹ́ ọjọ́ náà móoru, fèrèsé tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí. Ní nǹkan bíi aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Raoul Villain, ọmọ ọdún 28, dúró ní ìta, ó sì yìnbọn lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Jaurès kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Villain jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan tí ó fi orúkọ Alsace àti Lorraine dá ara wọn jọ. Ó ti ń ka ohun tí wọ́n ń kọ nípa Jaurès fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì gbà pé ọ̀dàlẹ̀ ni òun pa.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀

Jámánì kéde ogun sí Faransé ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ. Wọ́n ṣe ìsìnkú Jaurès ní ọjọ́ 4. Léon Jouhaux, olórí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, tí ó ti ń tako ogun títí di ọ̀sẹ̀ náà, sọ ní ẹ̀bá pósí pé àwọn òṣìṣẹ́ yóò lọ sí ojú ogun. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ Jaurès fọwọ́ sí owó ogun. Ní Berlin, àwọn sósíálísítì Jámánì, tí Haase jẹ́ ọ̀kan lára olórí wọn, ṣe bákan náà. Ìhà méjèèjì gbà pé ilé àwọn ni àwọn ń gbèjà. Gustave Hervé tí ó ti bú àsíá rí di ọ̀kan lára àwọn tí ń pariwo ogun jù lọ, ó sì yí orúkọ ìwé ìròyìn rẹ̀ padà sí La Victoire.

Iná náà kò dúró sí Yúróòpù. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ni ọmọ ogun Bìrìtéènì àti Faransé wọ Tógò, tí ó wà lọ́wọ́ Jámánì, wọ́n sì gbà á ní ọjọ́ 26. Faransé kó ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin láti Dahomey, tí a mọ̀ sí Benin lónìí, lọ sí ojú ogun. Ìfipákónisógun yìí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn Ọ̀họ̀rí, ẹ̀yà Yorùbá kan níbẹ̀, dìde sí ìjọba amúnisìn.

Ọmọ ogun Faransé tí ó kú tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.4, ti Jámánì sì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 2. Louis, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Jaurès bí, kú sí ojú ogun ní oṣù Kẹfà ọdún 1918. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni.

Ìjọba fi Villain sí àtìmọ́lé ní gbogbo ìgbà ogun, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ní oṣù Kẹta ọdún 1919. Faransé ti ṣẹ́gun nígbà náà, Alsace sì ti padà. Àwọn aráàlú 12 ni ó jókòó láti dá ẹjọ́ náà. 11 nínú wọn sọ pé Villain kò jẹ̀bi. Ilé ẹjọ́ ní kí Louise Jaurès, ìyàwó olóògbé, san owó ẹjọ́. Ní oṣù Kẹrin, ọ̀pọ̀ ènìyàn rìn ní ìgboro Párísì láti fi ẹ̀hónú hàn. Villain lọ ń gbé ní erékùṣù Ibiza, ibẹ̀ ni wọ́n sì pa á sí ní ọdún 1936, nígbà ogun abẹ́lé ilẹ̀ Sípéènì.

Ìrántí

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1924, ìjọba Faransé gbé òkú Jaurès wọ Panthéon, ibi tí wọ́n ń sin àwọn akọni orílẹ̀-èdè náà sí. Àwọn awakùsà Carmaux wà lára àwọn tí ó sìn ín. Lónìí, ọ̀pọ̀ ìlú ní Faransé ni ó ní òpópónà tàbí ilé-ẹ̀kọ́ tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Àwọn òpìtàn kò fẹnu kò lórí bóyá ó lè dá ogun náà dúró ká ní kò kú. Àwọn kan ń tọ́ka sí i pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ọwọ́ àwọn aṣòfin ní ọjọ́ 31, àti pé òun pàápàá ìbá gbèjà Faransé tí wọ́n bá kọlù ú, nítorí ohun tí ìwé rẹ̀ sọ nìyẹn. Ohun tí kò sí àríyànjiyàn lé lórí ni pé ogun mìíràn tún bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1939, tí Jámánì sì tún gba Alsace, kí àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì tó jókòó. Ní ọdún 1949 ni wọ́n fi ibùjókòó Ìgbìmọ̀ Yúróòpù sí Strasbourg, ìlú tí wọ́n fi aṣọ ọ̀fọ̀ bo ère rẹ̀ nígbà èwe Jaurès. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kínní ọdún 1963, Faransé àti Jámánì fọwọ́ sí àdéhùn ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ní Párísì. Ara ohun tí wọ́n ṣe àdéhùn lé lórí ni pé kí àwọn ọ̀dọ́ Faransé àti ti Jámánì máa kọ́ èdè ara wọn.